Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Ọ̀gá Lọ́wọ́ Olùtọ́jú Ọmọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù, ó sì lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan. Ó jẹ mọ́ ọmọbìnrin tí ń tọ́jú ọmọ ní ilé onílé, tí a sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé kan ká lára àwọn tí a ń bójú tó. Kì í ṣe inú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ, tọ̀tún tòsì ni ó sì yọ̀ǹda fún wa pé kí a sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwa wà ní kékeré, kò sí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ni ó ń pọn ọmọ. Àbúrò ìyàwó ni ó ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé Kubwa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní àárín gbùngbùn Àbújá, tí ọkọ ń jáde ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, tí ìyàwó ń tẹ̀lé e ní aago mẹ́fà kí sún kẹrẹ fà kẹrẹ má baà ká a mọ́, ta ni yóò bá a gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Ìyá rẹ̀ wà ní Iléṣà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdílé ṣe ń wá ọmọbìnrin tí ó lè tọ́jú ọmọ, tí ó sì tún lè wa ọkọ̀. Náànì ni àwọn ará ìsinsìnyí ń pè é. Kì í ṣe dírẹ́bà, kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lásán. Àárín méjèèjì ni ó wà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Tọkọtaya òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, wọ́n bí ọmọ méjì: ọkùnrin ọmọ ọdún 8 àti obìnrin ọmọ ọdún 5. Ọmọ ọdún 24 ni olùtọ́jú wọn, apá Èkìtì ni ó ti wá, ó ní ìwé ìwakọ̀, ó sì ń gba ₦60,000 lóṣù pẹ̀lú oúnjẹ àti yàrá. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú àkókò Lẹ́ńtì, ó lọ gbé àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà ilé. Ó yà sí Dutse Alhaji, níbi tí àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó kó àwọn ọmọ wọlé tọ ẹni náà lọ, ó fún un ní oúnjẹ àti oògùn, kò sì pẹ́ rárá. Nígbà tí ó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde ní àdúgbò tóóró náà ni ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá òpó iná. Gíláàsì iná ẹ̀yìn fọ́, bọ́ǹpà sì tẹ̀ wọnú.

Ẹ̀rù bà á. Ó gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lu ara ọkọ̀ lẹ́bàá títì, ó fi ₦20,000 tí ó ti fi pamọ́ tún un ṣe wéréwéré, wọ́n sì fi ọ̀dà tí kò fi bẹ́ẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu kùn ún. Lẹ́yìn náà ó sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ má sọ fún Dádì àti Mọ́mì o."

Wọn kò sọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ, lẹ́yìn Mísà, tí baba ń ṣí búùtù ọkọ̀ láti kó imọ̀ ọ̀pẹ sí i, ọmọ ọdún 5 dúró tì í, ó ní, "Dádì, Àǹtí ní kí a má sọ fún yín pé àwọn fi mọ́tò gbá òpó."

Ẹ̀yin òbí mọ bí ọmọdé ti ń pa àṣírí mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ìyàwó wá bá wa. Ó ní, "Fádà, ẹ gbà mí. Owó kọpérétíìfù ni a yá tí a fi ra ọkọ̀ yìí, a kò tíì san án tán. Mẹkáníìkì ní ₦150,000 ni àtúnṣe rẹ̀. Inú owó oṣù rẹ̀ ni n óo ti yọ gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó máa lọ sílé." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ọmọbìnrin náà dé, ó kúnlẹ̀, kò fẹ́ dìde. Ó ní, "Fádà, mo jẹ̀bi. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni wọn kò tíì san fún mi, láti ìgbà Kérésìmesì ni n kò sì ti ní ọjọ́ kan tí mo fi sinmi. Ìgbà wo ni mo fẹ́ rí àbúrò mi?"

A ní kí àwọn méjèèjì wá pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a bi wọ́n ni pé: kí ni ẹ jọ sọ ní ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yìí ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì? Màdáámù ní òun sọ pé kí ó máa fi gbé àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan náà ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ bóyá ó lè yà ra oògùn fún ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ bóyá ó lè gbé ojúlùmọ̀ tí ó bá pàdé lójú ọ̀nà, tàbí ẹni tí yóò san owó ìtanràn bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá mú un.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ tí ń jẹ́ iṣẹ́ bí ọmọ mọ ohun tí baba rẹ̀ yóò fẹ́, ó sì mọ ohun tí baba rẹ̀ kì yóò fẹ́, bí baba náà kò tilẹ̀ la ẹnu. Bí òjò bá ń rọ̀, tí olùtọ́jú náà rí ọmọ aládùúgbò tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì gbé e délé, kò ṣe ohun tí ó lòdì. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ọkùnrin tí òun nìkan mọ̀ jókòó síwájú, tí àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣòfin kí ó tó mọ̀ pé kò dára. Ìbéèrè tí a gbà á nímọ̀ràn láti máa fi wọn irú nǹkan báwọ̀nyí kò le: ṣé mo lè sọ èyí fún wọn nígbà tí wọ́n bá dé ní ìrọ̀lẹ́, láìyọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀?

Nínú ìwé Ẹ́kísódù, ní orí kejìlélógún, òfin kan wà tí ó jọ wá lójú nígbà tí a tún un kà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọ nípa ẹni tí ó yá ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ ọmọnìkejì rẹ̀. Bí ẹran náà bá fara pa tàbí tí ó kú, tí ẹni tí ó ni ín kò sí níbẹ̀, ẹni tí ó yá a yóò san án. Bí ẹni tí ó ni ín bá wà níbẹ̀, kì yóò san ohunkóhun. Mósè kò rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó ti rí ìjà tí ń tẹ̀lé ohun tí a yá.

Nísinsìnyí, a lè sọ pé ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìlú, kò sí nínú ọkọ̀. Lójú tiwa, ibi tí iṣẹ́ ọ̀gá bá wà ni ọ̀gá wà. Nígbà tí olùtọ́jú ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó ń rọra wa ọkọ̀ bí ó ti yẹ, tí ọlọ́kadà kan sì fara họ ọkọ̀ náà, a kò rí ìdí tí a ó fi ka owó rẹ̀ sí i lọ́rùn. Ara ohun tí ojú ẹni tí ó ní ọkọ̀ ń rí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù ni ó ń tẹ̀ lórí ìrìn kan náà, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí àìbìkítà kì í ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ṣùgbọ́n láti orí ìkóríta tí ó ti yà sí Dutse, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́. Ó ti di ẹni tí ó yá nǹkan, kò sì tọrọ rẹ̀ kí ó tó yá a. Àánú àbúrò rẹ̀ tí ó ṣe é dára púpọ̀, a kò ní kí ó má ṣàánú. Ọkọ̀ tí ó fi ṣe àánú náà ni kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí mú wa rántí Zita Mímọ́, ẹni tí Ìjọ fi ṣe alátìlẹ́yìn àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ìlú Lucca ní ilẹ̀ Ítálì ni ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìdílé Fatinelli láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 12, títí tí ó fi kú ní ọdún 1272. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ni a ń ṣe ìrántí rẹ̀. Wọ́n máa ń pìtàn pé ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, tí òtútù mú gidigidi, ọ̀gá rẹ̀ fi ẹ̀wù onírun tirẹ̀ bò ó kí ó fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Zita rí alágbe kan tí ń gbọ̀n, ó fi ẹ̀wù náà bò ó pé kí ó dá a padà lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí ìsìn parí, kò rí alágbe, kò rí ẹ̀wù. Ìtàn náà ní àjèjì kan wá dá ẹ̀wù náà padà ní ọjọ́ kejì. Ibi tí àwọn oníwàásù máa ń tẹnu mọ́ nìyẹn. Ohun tí àwa fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí àjèjì tó dé: Zita lọ sílé láìsí ẹ̀wù, ó dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó sì fara da ìbínú rẹ̀. Kò wá ẹ̀wù mìíràn tí ó jọ ọ́ láti fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni a ti bá ọmọbìnrin wa yìí wí jù. Ìbọ́ǹpà tí ó tẹ̀ kò tó ohun tí a ń sunkún lé lórí. Ọ̀dà tí ó fi bò ó ni ó burú, nítorí pé ọkọ̀ tí a tún ṣe ní ìkọ̀kọ̀ lè ní àléébù tí ẹni tí yóò wà á lọ́la kò mọ̀. Bí iná bíréèkì ẹ̀yìn kò bá tàn, tí baba gbé e jáde ní òru sí ọ̀nà márosẹ̀ Kubwa, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kì yóò mọ̀ pé ó ń dúró. Ẹ̀mí ni ìyẹn. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ó kó ọmọdé méjì mọ́ irọ́ rẹ̀. Àwọn òbí gbà á sílé kí ó bá wọn kọ́ ọmọ, ó sì kọ́ wọn pé ohun kan wà tí a lè ṣe tí a kì í sọ fún baba àti ìyá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ọmọdé ní ibi, gbólóhùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Nígbà tí a sọ èyí, ó bú sẹ́kún. A gbàgbọ́ pé kò ronú dé ibẹ̀ rí.

A yìn ín fún ohun kan, a sì sọ ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ̀: kò fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí ó wọlé tọ àbúrò rẹ̀ lọ. Oṣù kẹta ni, ẹ sì mọ bí oòrùn Àbújá ti rí ní àkókò náà. Láàrin ìṣẹ́jú 10, ooru inú ọkọ̀ tí a tì lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 ti Sẹ́ṣíọ̀sì ga ju bí ó ti wà lọ, kì í sì í dúró níbẹ̀. Fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ tó bí a ti rò. Ara ọmọdé sì ń yára gbóná ju ti àgbà lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń tọ́jú ọmọ, bí ó bá jẹ́ iyọ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ rà, ẹ kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ wo ìjókòó ẹ̀yìn kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé, nítorí pé ọmọdé lè wọ inú ọkọ̀ lọ ṣeré kí ó má lè ṣí i jáde. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ máa jókòó, pẹ̀lú bẹ́líìtì tàbí àga ọmọdé tí ó bá ara rẹ̀ mu. Kí a má gbé e sí itan níwájú.

Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kò nílò kí àlùfáà kọ́ yín. Ẹ wo omi, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo taya kí ẹ tó jáde. Ẹ kọ iye epo tí ẹ rà sílẹ̀, àní bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó bèèrè. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tí ẹ kò gbọ́ lánàá, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ dé ibí yìí, inú màdáámù ti ń dùn díẹ̀. A wá yíjú sí òun náà.

Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní ọdún 1992 ka bíba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́ mọ́ọ́mọ̀ àti iṣẹ́ tí a kò ṣe dáradára mọ́ ohun tí ó lòdì sí Òfin Keje, ó sì ní kí ẹni tí ó jẹ gbèsè ẹ̀tọ́ san án padà. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà, ní ìbámu pẹ̀lú lẹ́tà Jákọ́bù Mímọ́, ka àìsan owó iṣẹ́ alágbàṣe mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ń ké lọ sí ọ̀run. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ katikísímù ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà olùkọ́ wa yóò rántí. Gíláàsì iná ọkọ̀ tí ó fọ́ kò sí nínú àwọn tí ń ké lọ sí ọ̀run. Póòpù Leo Kẹtàlá pẹ̀lú, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1891 lórí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́, sọ ojúṣe òṣìṣẹ́ pé kí ó má ba ohun ìní ọ̀gá jẹ́, kò sì mí tí ó fi kan ojúṣe ọ̀gá.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa pàápàá kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ ṣe bí ó ti wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ́ọ́mọ̀ tàbí tí ó fi àìbìkítà ba nǹkan jẹ́, agbanisíṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀ràn iṣẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀ kí ó tó yọ owó, gbogbo ohun tí a bá sì yọ nínú oṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́ta. A bi ìyàwó náà pé, ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tiyín yóò gbà kí a gba gbogbo owó oṣù yín fún oṣù mẹ́ta? Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn.

Ó kù síbẹ̀. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé bíréèkì ń mú, pé taya kò pá, pé ìwé ọkọ̀ pé. Kí ó rí ìwé ìwakọ̀ ẹni náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀; òfin kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 wa ọkọ̀, àwọn kan sì wà nínú wa tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ ọdún 16 tí wọ́n mú wá láti abúlé nítorí pé ó ga. Ìwé adójútòfò tí òfin sọ di dandan, èyí tí owó rẹ̀ gòkè láti ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ohun tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ni ó wà fún. Kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Kí ẹ jọ mọ èyí kí jàǹbá tó dé. Ẹ sì fún un ní ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru, ẹ̀sùn ni àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, wọn kò fi fọwọ́ sí i. Bí olùtọ́jú yìí bá ní Ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù tí ó jẹ́ tirẹ̀, a kò rò pé ọkọ̀ yẹn ì bá dé Dutse.

Ọkọ, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó mú ìwé mẹkáníìkì jáde. Nígbà tí a jọ wò ó, a rí i pé ₦70,000 péré ni ó kan ẹ̀yìn ọkọ̀. Iwájú tí ó ti họ láti ọdún méjì ni wọ́n fi ìyókù ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ó tijú díẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ní òun yóò gbé ₦10,000 kúrò níbẹ̀. Ó ku ₦60,000. Wọ́n fẹnu kò sí i pé ₦20,000 ni a ó máa yọ lóṣù fún oṣù mẹ́ta, àti pé wọn yóò san ₦120,000 oṣù méjì tí wọ́n jẹ ẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ tó dé. Wọ́n san án ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n kọ ohun tí ọkọ̀ wà fún sí orí bébà kan, wọ́n sì fún un ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ni a bèèrè lọ́wọ́ òun, pé kí ó sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ níṣojú òbí wọn. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún wa bí ó ti lọ. Ó pe àwọn méjèèjì, ó kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tiwọn dọ́gba, ó ní òun ṣe àṣìṣe nígbà tí òun ní kí wọ́n má sọ, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn mọ́, bí ó jẹ́ òun náà. Ọmọ ọdún 5 wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé mo lè wá sọ ti súìtì tí ẹ rà fún wa lọ́jọ́ yẹn náà?"

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a ó dáhùn lẹ́tà ọkùnrin kan láti Mìnnà lórí ìsìnkú òbí tí a kò lè padà lọ sílé ṣe. Ó dàbọ̀ o.